Ẹmu Bàbá àti Wáìnì Ìlú Òjò

     Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ti ọ̀sẹ̀ yìí pẹ́ kó tó jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbà á sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni mo sì pa á rẹ́. Wáìnì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, wáìnì lásán, kí n ròyìn ìrìnàjò, ká jọ rẹ́rìn-ín, kí n sì máa lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá ti sọ̀rọ̀ dé ìdajì, ọ̀rọ̀ ilé wa á yọjú. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo ní ó dáa, kó yọjú.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dara pọ̀ mọ́ wa: ìlú Braga ni mo ń gbé, ní àríwá orílẹ̀-èdè Pọ́túgàl. Ó ti lé ní ọdún méjì báyìí. Ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ ìròyìn ni mo wá gba oyè kejì lé lórí níbí. Ní báyìí, mo ń bá àwọn èèyàn to ohùn, mo ń bá wọn gé fídíò, mo sì ń ṣe ètò yìí nínú yàrá tí mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ògiri rẹ̀ kí ariwo má baà wọlé. Tí ẹ bá ń gbọ́ nǹkan tó ń ta pàrà-pàrà lẹ́yìn ohùn mi, òjò ni. Òjò Braga kì í sinmi. Tí mo bá sì sọ fún wọn níbí pé Lagos ni mo ti wá, wọ́n á ní, “Háà! Algarve!” Torí wọ́n ní Lagos tiwọn, ìlú etíkun kan ní gúúsù tí àwọn èèyàn ń lọ najú sí nígbà ooru. Àwọn Potogí náà ló sọ Èkó ní Lagos, nítorí ọ̀sà tó yí i ká. Mo ti ṣe àlàyé yìí débi pé mo lè ṣe é lójú oorun.

Ìbéèrè kan wà tí ẹ máa ń fi ránṣẹ́ sí mi jù: “Ṣé òótọ́ ni pé wáìnì pọ̀ níbẹ̀ ju omi lọ?” Rárá o. Omi wà. Àmọ́ wáìnì kì í ṣe nǹkan ṣakaṣìkí níbí. Ní àwọn ilé oúnjẹ kékeré tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹun ọ̀sán, wọ́n á kàn gbé e ka orí tábìlì bí ẹni gbé omi fún àlejò ni, kò sí ẹni tó ń ya fọ́tò rẹ̀. Èmi ò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ nígbà tí mo dé. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, mọ́ọ̀tì ni ohun mímu tó le jù. Díákónì ni Dádì mi.

Oúnjẹ ni mo fi kọ́kọ́ mọ ibí yìí. Ìyá onílé mi ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ìsàlẹ̀ ló ń gbé, èmi wà lókè. Oṣù àkọ́kọ́ tí mo dé, mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan, mo bá ẹja gbígbẹ tí wọ́n tò jọ bí pákó, ó le, ó pẹlẹbẹ, iyọ̀ bò ó. Mo gbóòórùn rẹ̀, ọkàn mi sì fò lọ sí ọjà Mushin. Mo ní, pánla nìyí! Bacalhau ni wọ́n ń pè é. Ẹja cod ni, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń ti Norway wá, níbi tí èyí tí à ń jẹ nílé ti ń wá gan-an. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé wọn kì í fi iyọ̀ sí tiwa, afẹ́fẹ́ òtútù ni wọ́n fi ń gbẹ ẹ. Èmi ò mọ ìyẹn nígbà náà. Mo ra ẹyọ kan, mo kàn fi omi gbígbóná ṣàn án, mo sọ ọ́ sínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ mi.

Ẹ̀yin èèyàn mi. Òkun Àtìláńtíìkì ni mo jẹ lọ́jọ́ yẹn.

Ìyá onílé gbọ́ tí mo ń húkọ́, wọ́n gòkè wá, wọ́n tọ́ ọbẹ̀ náà wò, wọ́n sì jókòó kí wọ́n lè ráyè rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó kéré tán, ọjọ́ kan sí méjì ló gbọ́dọ̀ fi wà nínú omi, kí èèyàn sì máa pààrọ̀ omi náà. Wọ́n wá béèrè pé epo pupa wo nìyí. Láti ọjọ́ yẹn, abọ́ ń lọ, abọ́ ń bọ̀ láàárín wa. Wọ́n á gbé ọbẹ̀ caldo verde wá, ìyẹn ẹ̀fọ́ tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́ bí òwú sínú pòtétò tí wọ́n lọ̀. Èmi náà á gbé mọ́ínmọ́ín lọ. Àwọn ni wọ́n mú mi lọ sí Porto láti lọ jẹ ṣàkì àti ẹ̀wà funfun, oúnjẹ tí ìlú náà fẹ́ràn débi pé “tripeiro” ni wọ́n ń pe ọmọ Porto, bí ẹni pé “oníṣàkì”. Ẹ fojú inú wò ó kí wọ́n máa pe ọmọ Ìbàdàn ní ọlọ́mọlà.

Ìgbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, Ìyá onílé ní kí n bá àwọn lọ sí ìkórè àjàrà lóko ẹ̀gbọ́n àwọn ọkùnrin, nítòsí ìlú Ponte de Lima. Mo gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ mi dání, torí mo rò pé ìpín kan tó dára á jáde níbẹ̀.

Láti Braga, kò pé wákàtí kan. Ìlú kékeré ni, afárá òkúta àtijọ́ kan gba orí odò Lima kọjá. Ní bèbè odò náà, wọ́n gbẹ́ ère àwọn ọmọ ogun Róòmù, wọ́n tò wọ́n bí ẹni tó fẹ́ sọdá, tí kò sì sọdá. Ní òdìkejì, ọ̀gá wọn jókòó sórí ẹṣin, ó kọjú sí wọn. Ìyá onílé ló pa ìtàn rẹ̀ fún mi nínú mọ́tò. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ọmọ ogun yìí dé etí odò náà, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé kí wọ́n tó bí Jésù, wọ́n kọ̀ láti sọdá. Wọ́n gbà gbọ́ pé odò ìgbàgbé ni, pé ẹni tó bá sọdá rẹ̀ á gbàgbé orúkọ ara rẹ̀ àti ilé rẹ̀. Ọ̀gá wọn, Decimus Junius Brutus, ló kọ́kọ́ sọdá. Nígbà tó dé ọ̀hún, ó yíjú padà, ó ń pe wọ́n lórúkọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà náà ni wọ́n tó gbà pé kò gbàgbé. Ìtàn dídùn. Mo gba ariwo odò náà sílẹ̀ ìṣẹ́jú méjì, mo ní màá fi bẹ̀rẹ̀ ètò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti wáìnì náà díẹ̀, torí òun lẹ tìtorí rẹ̀ tẹ ètò yìí. Vinho verde ni orúkọ rẹ̀. “Verde” ni wọ́n ń pe àwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n wáìnì náà fúnra rẹ̀ kò ní àwọ̀ ewé o. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé ọ̀dọ́ ni, kò tíì gbó. Láàárín ọdún kan tí wọ́n bá pọn ọ́n ni wọ́n máa ń mu ún. Funfun wà, pupa wà. Ọ̀pọ̀ èyí tí mo ti mu, agbára ọtí inú rẹ̀ kì í kọjá 11.5%. Ó máa ń ta ahọ́n díẹ̀, bí ohun tó ní gáàsì. Láyé àtijọ́, gáàsì yẹn ń wá fúnra rẹ̀ ni bí ọtí náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ìgò. Lóde òní, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń fi kún un. Láti ọdún 1908 ni ìjọba ti pààlà sí agbègbè tó lè pe wáìnì rẹ̀ ní orúkọ yìí. Tí ẹ bá rí èyí tó funfun ní súpámákẹ́ẹ̀tì, ẹ má tọ́jú rẹ̀ de ìgbéyàwó ọmọ yín. Ẹ gbé e sínú fíríìjì, ẹ wá ẹja yíyan tì í, ó tán.

Oko tí a lọ kò tóbi. Bàbá àgbàlagbà tó ni ín ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ tóbi ju ojú rẹ̀ lọ. Mo ti rò pé ohun tí mo máa bá ni èyí tí à ń rí nínú fíìmù, àjàrà kúkúrú tó tò lọ bẹẹrẹ lórí òkè. Ó wà níbẹ̀, lórí wáyà, ọmọ rẹ̀ ló gbìn ín. Àmọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan oko náà, àjàrà ń gun igi. Igi gidi, igi gíga. Ó lọ́ mọ́ igi yẹn dé òkè téńté, èso rẹ̀ sì ń rọ̀ láàárín ẹ̀ka lókè níbi tí ẹyẹ ń gbé. Ìyá onílé ṣàlàyé fún mi pé bí gbogbo agbègbè Minho ṣe rí tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ilẹ̀ olúkúlùkù kéré. Nígbà tí àgbàdo ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà dé, àárín oko di ti àgbàdo, wọ́n wá ti àjàrà sí etí oko kó máa gun igi lọ. Wọ́n ń jẹ ìsàlẹ̀, wọ́n ń mu òkè.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ká a gbọ́dọ̀ gùn. Àkàbà onígi kan wà níbẹ̀, gígùn rẹ̀ ń bani lẹ́rù. Ọmọ bàbá yẹn ní ọdún yìí ni wọ́n máa gé àwọn igi náà dànù, torí kò sí ọ̀dọ́ kankan tó fẹ́ gun àkàbà, owó tí wọ́n ń san fún ẹni tó ń gùn ún sì ju owó wáìnì náà lọ. Bàbá ò dá a lóhùn. Ó gbé àkàbà, ó fi ti igi, ó fi ẹsẹ̀ gbo ìdí rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gùn ún. Ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé! Nígbà tó dókè, ó fara ti ẹ̀ka, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kúrò lára àkàbà, ó ń ṣiṣẹ́. Mo gbójú sókè, mo rí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà rẹ̀, nǹkan kan sì gbé mi láyà ṣánṣán. Mo ti rí àtẹ́lẹsẹ̀ báyìí rí. Láti ìsàlẹ̀ náà ni.

Bàbá mi àgbà, bàbá Dádì mi, adẹ́mu ni wọ́n. Abúlé kan nítòsí Ilé-Olújì ni. Mi ò sọ ọ́ lórí ètò yìí rí. Ká má purọ́, mi ò sọ ọ́ níbì kankan rí. Ní sẹ́kọ́ńdírì, nígbà tí wọ́n ní ká kọ iṣẹ́ àwọn òbí wa àgbà, àgbẹ̀ kòkó ni mo kọ. Ní yunifásítì, a ka ìwé Amos Tutuola nípa ọ̀mùtí tí adẹ́mu rẹ̀ já bọ́ láti orí ọ̀pẹ tó sì kú, tó wá wá a lọ dé ìlú àwọn òkú, ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Mo kọ ojú ewé mẹ́jọ lórí adẹ́mu yẹn. Máàkì mi pọ̀. Bàbá wà láàyè, wọ́n wà lórí fóònù, mi ò bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Ọdún Kérésì kan wà, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Bàbá wá kí wa l'Ékòó. Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì ẹmu kan dání, tí wọ́n dá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹmu mọ̀ pé èèyàn kì í dé e lẹ́nu pinpin, torí ó ń hó, ó ń mí. Awakọ̀ ní àfi kí wọ́n dé e, kó má baà dà sínú ọkọ̀ òun. Wọ́n dé e. Oòrùn mú. Nígbà tí ọkọ̀ máa fi kọjá Ìjẹ̀bú-Òde, kẹ́ẹ̀gì ti wú bí ikùn aláboyún, kó tó dé Ṣàgámù, gbàù! Àwọn èrò ọkọ̀ rò pé táyà ló fọ́. Ẹmu ru dé òrùlé bọ́ọ̀sì. Bàbá dé ilé wa, bùbá àti ṣòkòtò wọn rin gbingbin, òórùn ẹmu ti ṣáájú wọn wọlé, àwọn ará ìjọ Dádì sì jókòó kún pálọ̀ pẹ̀lú mọ́ọ̀tì lọ́wọ́.

Àwọn kan fọwọ́ bomú. Ọmọdé kan rẹ́rìn-ín, gbogbo wa bá a rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Dádì gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ Bàbá, ìdajì ẹmu ṣì wà nínú rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n dà á sí gọ́tà. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò ó. Wọ́n wá ní, “Ó ti kan tẹ́lẹ̀, kò burú.” Kò tíì kan. Àárọ̀ ni wọ́n dá a. Wọn ò gbé ẹmu wá mọ́ láé.

Ìyẹn ni mo ń rò lábẹ́ igi àjàrà nígbà tí wọ́n pè wá fún oúnjẹ ọ̀sán. Wọ́n tẹ́ tábìlì sábẹ́ ìbòòji. Bacalhau tí wọ́n yan lórí ẹ̀yinná, aáyù àti òróró ólífì lórí rẹ̀, pòtétò, búrẹ́dì àgbàdo tó wúwo bí òkúta. Wọ́n wá gbé wáìnì pupa ilé jáde, ti ọdún tó kọjá. Abọ́ tánganran funfun ni wọ́n fi ń mu ún, ó dà bí abọ́ ẹ̀kọ. Nígbà tí wọ́n dà á, ó yọ fóòmù. Ó dúdú bí omi aró, ó kun abọ́ náà ní àwọ̀ elésè àlùkò. Ó kan, ó fa ẹnu, ó ta ahọ́n. Lóòótọ́, àwọn tó bá mọ wáìnì olówó ńlá lè tu ú dànù. Èmi fi ọwọ́ méjèèjì gbé abọ́ yẹn bí ẹni gbé ahá, mo mu ún tán, mo sì gbé e síwájú pé kí wọ́n tún bù sí i. Ọmọ díákónì!

Bàbá oko yẹn ń wò mí. Ó béèrè pé, “Nílẹ̀ tiyín, kí lẹ ń mu?”

Mo ní, “Bíà.”

Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi kí n tó ronú. Ó mi orí, ó ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ. Bóyá ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo fi jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ yẹn. Mo wá ní rárá, ẹ dákun, mi ò sọ ọ́ dáadáa. Mo ní ọtí kan wà nílé wa tó ń ti inú igi jáde. Mo ní bàbá mi àgbà ló ń gun igi náà, kò sí àkàbà, okùn kan ni wọ́n ń fi so ara wọn mọ́ ọn, igbà ni à ń pè é.

Gbogbo tábìlì dákẹ́. Bàbá yẹn gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ìbéèrè wá bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìbéèrè àlejò o, ìbéèrè ẹni tó mọ iṣẹ́ ni. Ibo ni wọ́n ti ń gé e? Báwo ni gígé náà ṣe jìn tó tí igi náà kò fi ní kú? Ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́? Tí òjò bá rọ̀ ńkọ́? Kí ló ń mú un hó, ṣé ẹ ń fi nǹkan sí i ni? Igbà yẹn, ta ló ń hun ún? Mi ò mọ ọ̀kan ṣoṣo. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ kí n máa bi àwọn èèyàn ní ìbéèrè.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo pe Àǹtí, ẹ̀gbọ́n Dádì tó ń tọ́jú Bàbá lábúlé. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ṣe rí: ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ìgbàgbé ti ń da Bàbá láàmú. Orúkọ Dádì ni wọ́n fi ń pè mí nígbà míì, nígbà míì wọn á bi Àǹtí pé ta lọmọ yìí. Àǹtí ní, “Wọ́n kàn jókòó síbẹ̀ ni, ọmọ mi, má retí nǹkan púpọ̀ o.” Wọ́n gbé fóònù sí wọn lẹ́nu. Mo kí wọn, wọ́n dáhùn bí ẹni dá àlejò lóhùn. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń dá ẹmu?”

Mo ti tẹ ẹ̀rọ mi. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ Àǹtí kí n tó fi síbí. Ohùn Bàbá nìyí:

“Àárọ̀ kùtù là ń gùn ún, kí oyin tó jí. Oyin fẹ́ràn ẹmu ju ènìyàn lọ. Wàá kọ́kọ́ yẹ igbà rẹ wò. Ojoojúmọ́ o! Èyí tí o yẹ̀ wò lánàá, ti àná nìyẹn. Ara ọ̀pẹ náà la ti ń mú ohun tí a fi ń hun ún, kálukú ló ń hun tirẹ̀, o ò lè fi ẹ̀mí rẹ lé ọwọ́ ẹlòmíì. Tí o bá dókè, òdòdó akọ ni wàá wá, kì í ṣe abo, abo ló ń so ẹyìn. Wàá gé ìdí rẹ̀ díẹ̀, díẹ̀ báyìí, bí ẹni fá irun ọmọ tuntun. Tí o bá gé e jù, o ti bà á jẹ́. Wàá ki oparun tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, wàá so akèrègbè mọ́ ọn. Fi ewé bò ó nítorí òjò, àbí omi lo fẹ́ tà? Nírọ̀lẹ́ wàá padà, wàá tún ojú egbò rẹ̀ ṣí. Egbò a máa fẹ́ san. Tó bá san, kò ní sun mọ́. Akèrègbè yẹn, má fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní o. Ìyàwó mi fi ọṣẹ fọ ọ̀kan rí. Ẹmu ọjọ́ yẹn kọ̀, kò hó. Àwọn oníbàárà ní mo fi omi ṣúgà tàn wọ́n…”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Mo ní, “Bàbá, ṣé ẹ ti ṣubú rí?”

“Èmi? Láéláé. Èmi ò ṣubú rí.” Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Ta ló tiẹ̀ ń bi mí ní gbogbo èyí?”

“Èmi ni, Bàbá.”

“Àṣàkẹ́?”

Ó ti ń lọ sí ọdún kan tí wọ́n ti pè mí bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Mo ní, “Ẹ ṣé, sà.” Sà! Bí ẹni ń bá ọ̀gá iṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹnu mi ò rí ọ̀rọ̀ míì sọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé e padà sí oko, mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Potogí gbólóhùn kan tẹ̀lé òmíràn. Bàbá oko yẹn fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Nígbà tí mo dé ibi tí ó ti ní kí wọ́n má fọ akèrègbè mọ́ jù, ó lu tábìlì, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀ pé, “Ṣé o gbọ́?” Àgbá kan wà nínú ilé wáìnì wọn tó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń jà lé e lórí. Ọmọ náà bojú òkè. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gé igi àjàrà wọ̀nyẹn. Ìyá onílé ní ẹ̀gbọ́n àwọn ò fẹ́ sọ.

Mo fi ohùn Bàbá ránṣẹ́ sí WhatsApp ẹbí wa. Àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n Dádì dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń fi àdúrà ránṣẹ́. Dádì gbọ́ ọ. Mo rí i pé àmì rẹ̀ ti di búlúù. Wọn ò sọ nǹkan kan. Ọjọ́ kan, ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta. Mo ti ń rò ó pé mo ti tàbùkù wọn lójú ẹbí. Mọ́mì ní kí n fi wọ́n sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin, ohùn wọlé, èmi nìkan ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Dádì kì í fi ohùn ránṣẹ́, lẹ́tà ńlá ni wọ́n máa fi ń tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n wúkọ́. Wọ́n ní:

“Mo ti gbọ́ ohùn Bàbá. Ibi tí wọ́n ti sọ pé wọn ò ṣubú rí yẹn, kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣubú ní ọdún tí mo wà ní kíláàsì kẹta. Owó sukúù mi ò tíì pé, òjò rọ̀ mọ́jú, àwọn èèyàn ní kí wọ́n má gùn ún lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo sáré lọ pe àwọn tó gbé wọn wálé. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi sùn sílẹ̀, wọ́n tún padà gùn ún. Wọ́n san owó náà pé.”

Ó pẹ́ díẹ̀ tí n kò gbọ́ nǹkan kan, àfi fáànù tó ń yí. Mo rò pé ó ti tán. Wọ́n tún sọ̀rọ̀:

“Igbà wọn ṣì wà lórí àjà ní ilé abúlé. Tí o bá wálé ní Kérésì, ká jọ lọ gbé e. Àwọn ọmọ kéékèèké yẹn lè fi dáná.”